Ìbéèrè tí a ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé wa ní Ọ̀yọ́: ètò oṣooṣù, àti ìwé tí a ní kí ẹ kà

Ẹni tó ń béèrè kì í sábà wọlé. Á fi ẹsẹ̀ kan sí ìta, á di ilẹ̀kùn mú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ibí?" Gbogbo ará ìlú ló ni ín. Àwọn ìbéèrè yòókù la kọ sísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú ìdáhùn wọn, kí ẹ lè wọlé tààrà nígbà tí ẹ bá dé.

Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ni láíbìrì ni?

Wọ́n ni ín, ẹ̀yin náà sì ni ín. Òótọ́ ni pé bí ìdánwò JAMB bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọmọ náà ló máa ń gba gbogbo àga. Àgbàlagbà tó bá wọlé lásìkò yẹn á rò pé òun ṣi ilé. Kò ṣi ilé. Nínú àwọn tó ń yá ìwé lọ́wọ́ wa, telọ wà níbẹ̀, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Akẹ̀sán wà níbẹ̀, àwọn tó ń fín igbá náà ò gbẹ́yìn. A kì í béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá mọ ẹni tí kò mọ̀wé kà rárá, ẹ bá wa sọ fún un pé kó máa bọ̀, nítorí ètò tó gbajúmọ̀ jù níbí, etí lásán ló gbà.

Èló lẹ̀ ń gbà?

Kí èèyàn jókòó kàwé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé lọ sílé ni yóò gba káàdì, owó káàdì náà kò sì tó owó ọ̀kadà láti Ọwọ́dé dé Akẹ̀sán. Ẹ mú fọ́tò pélébé kan wá, kí ẹ sì mú onídùúró kan tí a lè rí nílùú.

Ọ̀rọ̀ onídùúró yìí ló máa ń bí àwọn èèyàn nínú. Ẹ dákun, ẹ fara mọ́ ọn. Ìwé Yorùbá àtijọ́ tó bá sọnù, a kì í tètè rí òmíràn rà, nítorí àwọn kan nínú wọn, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n ti ṣíwọ́. Ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ kò bá tíì kà á tán, ẹ mú un wá kí a tún ọjọ́ mìíràn kọ sí i.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù?

Ọjọ́ Sátidé ni gbogbo rẹ̀, láti agogo mẹ́wàá àárọ̀. A mọ̀ pé Sátidé ni ọjọ́ òde. Ẹni tó bá ní òde, kó wọ aṣọ ẹbí rẹ̀ wá, kó sì dìde nígbà tí àkókò bá tó. Gèlè ńlá kò jẹ́ tuntun láàárín ìjókòó wa. Ẹ kàn jọ̀wọ́ ẹ jókòó sẹ́yìn díẹ̀.

Sátidé kìíní ni Ìkàwé Sókè. Ẹnì kan á máa ka ìwé ìtàn Yorùbá, àwọn yòókù á máa gbọ́. Orí kan tàbí méjì ni a máa ń kà ní ìjókòó kan, ẹni tó bá rẹ̀ á gbé ìwé fún ẹlòmíràn. Òfin méjì péré la ní níbẹ̀. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lu ẹni tó ń kàwé kó tó dé òpin gbólóhùn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àgbà mẹ́ta bá jùmọ̀ pariwo lé lórí nítorí àmì ohùn kan, kò ní padà wá lóṣù tó ń bọ̀, a ó sì pàdánù ohùn rere. Èkejì, ẹ lè mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ìyá kan máa ń gbé ẹ̀gúsí wá nínú abọ́, á máa bó o bí ìtàn ti ń lọ. Nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ tẹ ẹni tí a fẹ́ràn nínú ìtàn, ọwọ́ ìyá á dúró gbagidi, ẹ̀gúsí kan á wà láàárín ìka méjì. Bí onítọ̀hún bá bọ́, ẹ ó tún máa gbọ́ pá, pá, pá. Àwa tó ń kà ti mọ̀ ọ́n débi pé, bí a bá ń gbọ́ ariwo ẹ̀gúsí fún ìgbà pípẹ́ láìdúró, a ti mọ̀ pé orí ìwé yẹn kò dùn tó.

Sátidé kejì ni ti àwọn ọmọdé, láti ọmọ ọdún 5 dé 12. Àlọ́ àpamọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ojú wọn lè là, lẹ́yìn náà ni àlọ́ àpagbè tó ní orin. Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ ta kò wá pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. A fa kọ́tìnnì bo gbogbo fèrèsé, wọ́n ní ó dáa, ilẹ̀ ti ṣú. Lẹ́yìn àlọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé kan nínú àpótí, á kà á fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹ má dúró tì wọ́n. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń wò kì í kàwé dáadáa.

Sátidé kẹta ni ti ìtàn ìlú àti ewì. Nígbà mìíràn a ó pe onírárà tàbí oníjàálá, kí àwọn ọ̀dọ́ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, ìwé ìtàn la ó ṣí, a ó kà á, a ó sì bá a jiyàn. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń pọ̀ jù, a kì í sì í fi ìka sẹ́nu lé ẹnikẹ́ni.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ti fọ́ọ̀mù àti fóònù. A ó bá yín kún fọ́ọ̀mù, a ó fi hàn yín bí a ti ń kọ àmì ohùn Yorùbá lórí fóònù, a ó sì bá yín wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ṣe yín ní kàyééfì, bóyá ti gbájúẹ̀ ni. A kì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín lórúkọ wa, olè ni.

Ṣé ètò náà máa ń yí padà lásìkò ọdún?

Díẹ̀díẹ̀. Nínú Ramadan, a máa ń tètè parí. Lóṣù kejì, a máa ń lo Sátidé tó bá súnmọ́ ọjọ́ 21 fún èdè abínibí, nítorí ọjọ́ náà ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún un ní 1999. Lóṣù kárùn-ún, àwọn ọmọdé ló ni gbogbo ilé nítorí ọjọ́ wọn, ọjọ́ 27. Oṣù kẹjọ, tí ìlú máa ń kún fún ọdún Ṣàngó, tí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe sì ń bọ́ sí ọjọ́ 20, a máa ń yan oríkì àti ìtàn àwọn Aláàfin. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbàáyé. Ọjọ́ yẹn la máa ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun fún àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ bí a ti ń kà.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní àyè láti kà. Èwo ni kí n mú?

*Àjà Ló Lẹrù*, ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Òkédìjí, ibí ni wọ́n bí i sí ní 1929. Ó kú ní 2019. Ìwé náà jáde ní 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀. Ẹ óò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ óò sì pẹ́ kí ẹ tó sùn.

Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ọmọ ìlú wa la ṣe ń tì í síwájú. Ohun tó dára nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ Yorùbá tí ẹ máa ń gbọ́ ní gáréèjì. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, jàǹdùkú ń pòwe lọ́nà tí àgbà ìlú kò lè fi ṣe é. Ẹni tó bá ti gbà gbọ́ pé ìwé Yorùbá kò ju ẹ̀kọ́ ìwà lọ, ìwé yìí la máa ń gbé lé e lọ́wọ́, a kì í tún sọ nǹkan kan.

Bí ẹ bá kà á tán tí ọkàn yín ṣì wà lọ́dọ̀ Lápàdé, *Àgbàlagbà Akàn* ló tẹ̀ lé e, ní 1971. *Rẹ́rẹ́ Rún*, tó jáde ní 1973, eré oníṣe ni: àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá wọn ló ń bá ara wọn fà á, Láwúwo sì ni aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí yóò dá gbogbo wọn mọ̀. Ó banú jẹ́ o. Ẹ má kà á lóṣù tí wọn kò san owó oṣù. *Atótó Arére*, ti 1981, ẹ fi í ṣe ìkẹyìn. Ìyà ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, ó sì gùn.

Èmi ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́.

*Ó Le Kú*, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, kò mọ èyí tí ì bá mú nínú àwọn ọmọge tó yí i ká. Ẹ bá wa dá a padà lásìkò, ènìyàn pọ̀ lẹ́yìn yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rín ni ẹ fẹ́ rín, *Ogún Ọmọdé* òǹkọ̀wé kan náà ni kí ẹ béèrè fún. Àwọn ọmọ abúlé àti ìwàkuwà wọn ló wà níbẹ̀. Àwọn bàbá tó dàgbà ní oko ló máa ń rẹ́rìn-ín jù, a máa ń gbọ́ wọn láti inú yàrá kejì.

Fágúnwà le jù fún mi. Ṣé dandan ni?

Kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á tì, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn lójú ìwé ni gígùn gbólóhùn rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó bá kà á sókè á rí i pé ibi tí èémí ti ń dúró wà níbẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀ fún ẹnu. Fágúnwà kọ̀wé fún etí.

Nǹkan mìíràn tó ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú ni bí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀dà àtijọ́. Wọ́n á rí "aiye" níbi tí wọ́n ti ń retí "ayé", wọ́n á rí "enia" níbi tí ó yẹ kó jẹ́ "ènìyàn". Àṣìṣe kọ́. Ní 1966 ni ìgbìmọ̀ kan dá àbá bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè Yorùbá, ọdún 1974 ni ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Àwọn ìwé náà ti wà ṣáájú. Bí ẹ bá ti ka ojú ewé mẹ́ta, ojú yín á ti mọ́ ọn.

Márùn-ún ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀: *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ní 1938, *Igbó Olódùmarè* àti *Ìrèké Oníbùdó* ní 1949, *Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje* ní 1954, *Àdììtú Olódùmarè* ní 1961. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti 1938. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́ wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, lẹ́tà ìfẹ́ wà níbẹ̀, ayé rẹ̀ sì súnmọ́ tiwa ju igbó àwọn iwin lọ. Ẹ padà sí inú igbó lẹ́yìn náà.

Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní St. Andrew's tí àwọn ìjọ CMS dá sílẹ̀ níbí ní 1896, ó sì kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ pẹ̀lú kí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Nígbà tí ẹ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ Emmanuel Aláyàndé kọjá, ibẹ̀ ni.

Fún àwọn ọmọ yín tó ti òkè òkun dé, tí Yorùbá wọn kò tíì dán, a ní ìtumọ̀ *Ògbójú Ọdẹ* tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. A máa ń gbé méjèèjì fún wọn pọ̀, kí wọ́n ṣí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Iwin, Ṣàngó, ìjálá... ṣé kì í ṣe òrìṣà lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè yìí kì í dáwọ́ dúró, àwọn tó ń béèrè rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀tá wa. Àwọn òbí onígbàgbọ́ béèrè rẹ̀, àwọn òbí Mùsùlùmí béèrè rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé kí ẹ jókòó ti ọmọ yín kí ẹ jọ kà á. Fágúnwà tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, Kristẹni olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ ni. Ìwàásù inú ìwé rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ fò ó. Ìjálá, ẹnu ọdẹ ló ti wá, ẹranko àti ìdílé ló sì ń kì jù. Ní ti Ṣàngó, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ọ̀yọ́ kò lè yẹ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Aláàfin ni.

Bí ẹ kò bá ṣì fẹ́, ẹ wí fún wa. A ó kọ ọ́ sí ara káàdì ọmọ náà, a kò ní gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin lẹ bí i.

Ìwé wo ló sọ ìtàn Ọ̀yọ́ dé gbòǹgbò?

*The History of the Yorubas*, ti Samuel Johnson, àlùfáà Áńgílíkà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ níbí. Ó gbọ́ tẹnu àwọn arọ́kin ààfin, ó gbọ́ tẹnu àwọn àgbà, ogun Kírìjí tó jà lásìkò rẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó láti tẹ̀, ibẹ̀ ló sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan án lórí àtẹ. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. 1921 ni ìwé náà jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó nípọn, a kì í sì í jẹ́ kó kúrò nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí a bá ń kà á ní Sátidé kẹta, ẹnì kan á kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kejì á sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹnì kẹta á ní, "Ní agboolé tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀." Ohun tí a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ará Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà bí ẹ bá ní ìtàn ìdílé tó ta ko ohun tó wà nínú ìwé, ẹ wá sọ ọ́. A ní ìwé ńlá kan tí a ń kọ irú rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti agboolé tó ti wá.

Ẹni tí Johnson bá wúwo fún, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé: *Baṣọ̀run Gáà*, eré oníṣe tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1972. Agbóòyè, lẹ́bàá Ọ̀yọ́ níbí, ni Fálétí ti wá. Gáà ni Baṣọ̀run tó ń yan ọba tó sì ń pa ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Bí àwọn mẹ́rin bá lè pín ohùn láàárín ara wọn, ẹ kà á bí eré. Ẹni tó bá mú ohùn Gáà kì í fẹ́ fi í sílẹ̀.

*Ọmọ Olókùn Ẹṣin*, ti Fálétí náà, dá lórí àwọn tó kọ̀ láti máa sin ìlú ńlá lọ. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí olùkọ́ wọn ti rò lọ.

Obìnrin ńkọ́ nínú àwọn ìwé yìí?

Ẹ bá wa wí o. Ọkùnrin ló kọ èyí tó pọ̀ jù lórí pẹpẹ wa, ó sì hàn. *Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá*, tó kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ní 1929 sí 1930, tí ọ̀pọ̀ sì kà sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ohùn obìnrin ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin, Isaac Thomas, ló kọ ọ́. *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ti Ìṣọ̀lá, òǹrorò gbáà ló fi Ìyálóde Ìbàdàn hàn. Àwọn òpìtàn kan kò fara mọ́ ọn. A máa ń kà á níbí, a sì máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà tó bá wà níjókòó pé, "Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe rí i?" Ìjókòó yẹn kì í parí lásìkò.

Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, kò lè kà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti orí *Aláwìíyé* ti J. F. Ọdúnjọ, láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá máa ń tijú láti mú Ìwé Kìíní, nítorí náà ẹ ní àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ kà á fún. Á kà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan bá ọmọ mu, ẹ ṣí i láàárín, kí ó ka ojú ewé kan sókè. Bó bá ń kọsẹ̀ lórí ìlà gbogbo, ẹ dá a padà, ẹ mú èyí tó rọ̀ jù ú lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó. Àwọn òbí kan máa ń ní, "O ò ní wo tẹlifíṣàn títí o fi ka ojú ewé mẹ́wàá." Ìwé ti di pàṣán nìyẹn, ọmọ wo ló fẹ́ràn pàṣán?

Ojú mi kò ríran mọ́. Kí ló wà fún mi?

Ìkàwé Sókè, lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀yọ́ sì tún ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: láti 1977 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú, adití àti àwọn mìíràn ti wà níbí. Nítorí náà àwọn tó mọ ìwé Braille, èyí tí afọ́jú ń fi ìka kà, pọ̀ nílùú. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 fàyè gbà á pé kí a ṣe ẹ̀dà ìwé tí afọ́jú lè lò. Ẹ sọ ìwé tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ mú fóònù yín wá, a ó wá ẹni tó ní ohùn tó dáa, á kà á sínú rẹ̀.

Ṣé mo lè ṣe fọ́tọ́kọ́pì odindi ìwé?

Orí kan fún ẹ̀kọ́ yín, kò burú. Odindi ìwé, rárá. Ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Fágúnwà kú ní 1963, tirẹ̀ ṣì wà títí òpin 2033. Ti Òkédìjí àti Fálétí ṣì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé wọn wà láyé, àwọn tó ń tẹ ìwé wọn náà ń jẹun níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa rí ìwé lórí pẹpẹ?

Ẹ béèrè. Bí ẹ bá fẹ́ dá a wá, nọ́ńbà wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan: 896.333 ni lítíréṣọ̀ Yorùbá, 398 ni àlọ́ àti òwe, 966.9 ni ìtàn Nàìjíríà. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé tí ẹ bá fà yọ, ẹ má dá a padà fúnra yín. Ẹ gbé e sórí tábìlì. Ìwé tó bá wà níbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, ó ti sọnù tán.

Òjò pa ìwé tí mo yá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á mú un ká kò, àwọn ewé á sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ gbé e dúró lórí ìdí rẹ̀, ẹ yà á díẹ̀díẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ẹ fi bébà ìnura funfun sáàárín ewé mẹ́wàá mẹ́wàá, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i nínú ilé. Ẹ máa pààrọ̀ bébà náà bó bá ti tutù. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú.

Bó bá ya, ẹ mú un wá bó ti yà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, nítorí lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á di aláwọ̀ ìyeyè, á sì jẹ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bébà tín-ín-rín àti gọ́ọ̀mù funfun la fi ń ṣe é níbí, ọwọ́ ọmọ kékeré tó ní sùúrù ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. A kì í na ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́. Ẹni tó fi í pamọ́ títí ikán fi wọ̀ ọ́, òun àti onídùúró rẹ̀ ni yóò wá rí wa.

Mo ní ìwé nílé tí mo fẹ́ fún yín. Ṣé ẹ ó gbà á?

Bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, a gbà á bó ti wù kó gbó tó, bí ojú ewé rẹ̀ kò bá tilẹ̀ pé, nítorí a lè fi méjì tún ọ̀kan ṣe. Ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́, ètò ìsìnkú tó ní oríkì nínú, ìwé àjọ̀dún ìjọ tàbí mọ́sálásí, gbogbo rẹ̀ la fẹ́. Ohun tí a kò gbà mọ́ ni ìwé ìbéèrè JAMB ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti dáhùn sí, àti ìwé ìṣègùn àtijọ́, torí ìyẹn lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ẹ má kó o dé ẹnu ọ̀nà lálẹ́, ewúrẹ́ àdúgbò ń jẹ bébà. Ẹ kó o wá láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí a kọ orúkọ yín sínú rẹ̀.